Kí ẹ tó fi owó ìlú bẹ àjèjì, ẹ kọ́kọ́ ra ọjà lọ́wọ́ ará ilé

Sí Olóòtú,

Inú mi kò dùn rárá sí ìròyìn tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn aláṣẹ tún ti ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti òkèèrè pé kò ní san owó orí fún ọdún mẹ́wàá gbáko, pé wọ́n á fún un ní ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n á sì la ọ̀nà dé ẹnu géètì rẹ̀, kí ó ṣáà ti gbà láti wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìròyìn náà. Kò sí ibì kan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ náà bá gba gbogbo èyí tán tí kò sì mú ìlérí tirẹ̀ ṣẹ.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọjọ́ tí mo kà á gan-an ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan gbé bẹ́ǹṣì méjì wá bá mi pé kí n bá òun tún un ṣe. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún. Mo dojú bẹ́ǹṣì kìíní dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀ kúrò ní ojú rẹ̀. Pákó tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe igi gidi, iyẹ̀ pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni, nígbà tí mo sì fẹ́ dá sikúrù rẹ̀ padà sí ihò, ńṣe ló ń yí lásán bí ẹni pé inú iyanrìn ni mo kì í bọ̀. Lábẹ́ ibi ìjókòó ni wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́, orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó jìnnà réré sí wa ló sì wà lára rẹ̀. Bẹ́ǹṣì yìí kò tíì lo ọdún méjì. Owó orí tèmi àti ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wà lára owó tí wọ́n fi rà á.

N kò ní purọ́ pé wọn kò kéde iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Wọ́n kéde rẹ̀, mo sì lọ gba fọ́ọ̀mù. Odidi alẹ́ ọjọ́ kan ni mo fi kà á. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ lè ṣe ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú tábìlì, kọ́bọ́ọ̀dù àti pátákó ìkọ̀wé. Ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí wá. Ó gbọ́dọ̀ ní báńkì tí yóò dúró fún un. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn kò sọ ọjọ́ tí wọn yóò san owó. Ọ̀rẹ́ mi kan tó bá ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe ilẹ̀kùn rí dúró de owó rẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá, ó sì ti ta ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ kí owó náà tó dé. Mo ká fọ́ọ̀mù náà, mo fi sí abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan tí kò dúró dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwọn tó wà nípò ń bẹ àjèjì pé kó wá ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé. Bí wọ́n bá ti dé akoto, tí wọ́n gbé ṣọ́bìrì tuntun tí kò tíì kan ilẹ̀ rí, tí wọ́n ya fọ́tò, wọ́n gbà pé ìdàgbàsókè ti dé nìyẹn. Ọdún kejì, kò sí ẹni tí yóò padà lọ wo ibẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Foxconn láti Taiwan, tó ń ṣe fóònù àti kọ̀ǹpútà, sọ pé òun yóò ná bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là síbẹ̀, òun yóò sì gba ènìyàn 13,000 síṣẹ́. Ìpínlẹ̀ náà ṣèlérí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là fún un. Ní abúlé Mount Pleasant, wọ́n ra ilé lọ́wọ́ àwọn onílé, wọ́n wó wọn, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n fa omi. Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, ààrẹ orílẹ̀-èdè wọn fúnra rẹ̀ wá gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2021, wọ́n tún àdéhùn náà kọ: iṣẹ́ 13,000 ti di 1,454, bílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ti di mílíọ̀nù 672, ohun tí ìpínlẹ̀ sì máa fún wọn ti wálẹ̀ sí mílíọ̀nù 80. Ìpínlẹ̀ rí ara rẹ̀ yọ nítorí pé wọ́n ti so owó náà mọ́ iye ènìyàn tí ilé-iṣẹ́ bá gbà síṣẹ́, ìyẹn ni ìlànà tí n kò rí nínú ìròyìn tiwa. Ṣùgbọ́n owó tí abúlé náà àti ìjọba ìbílẹ̀ wọn yá láti fi la ọ̀nà àti láti fa omi kò bá ìlérí yẹn lọ. Mo mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ra lára ilẹ̀ náà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn kò padà síbẹ̀ ní tiwọn.

Ní ọdún 2017 yẹn kan náà ni Amazon, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kéde pé òun ń wá ibi tí òun yóò kọ́ olú-ilé-iṣẹ́ kejì sí. Ìlú àti agbègbè 238 ló kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kò sì jẹ́ kí ará ìlú tiwọn mọ ohun tí wọ́n fi lọ ilé-iṣẹ́ náà. Ibi méjì péré ni wọ́n mú ní ọdún 2018. Kí oṣù kejì ọdún 2019 tó parí, wọ́n ti yọwọ́ nínú ti New York nítorí àtakò àwọn ará ibẹ̀. Mo máa ń rò ó pé, nínú gbogbo ìlú tí wọn kò mú, mélòó ló fi ìdajì irú ìtara bẹ́ẹ̀ bá àwọn oníṣẹ́ tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù lọ ni ti Kansas City, ní Amẹ́ríkà náà, níbi tí òpópónà kan ṣoṣo ti pín ìpínlẹ̀ Kansas àti Missouri níyà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìpínlẹ̀ kìíní yóò fi ìdásílẹ̀ owó orí fa ilé-iṣẹ́ kan sọdá òpópónà, ìkejì yóò fa òmíràn padà. Òṣìṣẹ́ kan náà ni, ilé tó ń gbé kò yí padà, tábìlì tó ń lò nìkan ni wọ́n gbé sọdá, wọ́n á sì ní àwọn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún 2019 ni ìpínlẹ̀ méjèèjì tó gbà pé kí àwọn jáwọ́ nínú eré náà. Àwọn ìlú tó múlé ti ara wọn níbi gbogbo ń ṣe irú eré yìí, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ fa okùn náà ló ń jèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn yóò dárúkọ Shenzhen ní China, tí wọ́n sọ di àkànṣe agbègbè ọrọ̀ ajé, níbi tí wọ́n ti ń dín owó orí kù fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè, ní ọdún 1980, tàbí Shannon ní Ireland, níbi tí wọ́n ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1959. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n Shannon ní pápákọ̀ òfuurufú tirẹ̀, ẹnu ibodè Hong Kong, ìlú ìṣòwò ńlá, sì ni Shenzhen wà. Àwọn aláṣẹ wa kì í wo ohun tí ìlú ní kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n rí níbòmíràn.

Mo fẹ́ kí wọ́n wo ohun tí ìlú Preston ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni mo gbà pé ó bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú mu. Preston náà ti gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí àárín ìlú, tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 700 pọ́n-ùn. Ní ọdún 2011, ètò náà forí ṣánpọ́n. Dípò kí wọ́n wá àjèjì mìíràn lọ, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí kò lè kó kúrò nílùú, bíi ìgbìmọ̀ ìlú, ìjọba ẹkùn, kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ọlọ́pàá, pé kí ni ẹ ń rà, lọ́wọ́ ta sì ni? Ìdáhùn náà bà wọ́n lójú jẹ́. Nínú mílíọ̀nù 750 pọ́n-ùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́fà ná ní ọdún 2012 sí 2013, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló dúró ní Preston, ìdá 39 ló sì dúró ní gbogbo ẹkùn Lancashire tí Preston wà nínú rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 2016 sí 2017, ti Preston ti gòkè sí ìdá 18, ti Lancashire ti di ìdá 79; bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ní láti ná lápapọ̀ ti dínkù sí ti tẹ́lẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò kò le. Wọ́n tú iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́. Àdéhùn oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́, tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè gbé gbogbo rẹ̀, ni wọ́n pín sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kí àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ kéékèèké ẹkùn náà lè díje. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ohun kan náà ni ìbá ṣẹlẹ̀ sí bẹ́ǹṣì. Ká ní wọ́n pín iṣẹ́ náà sí ogún ọ̀nà, tí wọ́n fi àwòrán àti ìwọ̀n lélẹ̀, tí wọ́n ní igi gidi ni àwọn fẹ́, káfíńtà ogún ni ìbá jẹ nínú rẹ̀, èyí tó bá sì bàjẹ́, wọ́n mọ ilé ẹni tí wọ́n máa lọ.

Owó tó bá wọ ọwọ́ mi kì í sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi á gba tiwọn, ẹni tó ń ta pákó á gba tirẹ̀, ẹni tó ń pọ́n ayùn mi á gbà, àwọn náà á sì ná an lọ́dọ̀ ẹlòmíràn kí ó tó jáde nílùú. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òkèèrè kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún wa ju ipa táyà ọkọ̀ tó já ẹrù lọ. Ìlú tó ń ṣe báyìí ń fi asẹ́ pọn omi, ó sì ń pariwo pé kí àjèjì wá bá òun pọn sí i.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ: pé òfin kò gbà kí a gbé iṣẹ́ fún ẹnì kan nítorí pé ará ilé ni, àti pé ojúsàájú yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ọ̀rọ̀ ojúsàájú yẹn jọ mí lójú pé àwọn ló ń sọ ọ́. Preston pàápàá kò gbé iṣẹ́ fún ènìyàn nítorí àdírẹ́sì rẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ní ọdún 2012 ló ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba ro àǹfààní tí rírà wọn yóò ṣe fún àwùjọ, kì í ṣe iye owó nìkan, wọ́n sì rìn ní ojú òfin náà. Kí wọ́n lẹ orúkọ ẹni tó gba iṣẹ́ àti iye tó gbà mọ́ ojú pátákó ní gbangba. Kí fọ́ọ̀mù iṣẹ́ kékeré má ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Kí wọ́n sì san owó láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí wọn kò bá lè ṣe mìíràn, kí wọ́n ṣe èyí tó kẹ́yìn yìí, nítorí pé àìtètè sanwó ló ń lé oníṣẹ́ kékeré sẹ́yìn ju àìmọ̀ iṣẹ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè yá owó ní báńkì dúró dè wọ́n. Ayùn ni irú wa máa ń tà.

Àwọn nǹkan yòókù náà ṣe pàtàkì: kí iná má máa lọ, kí ọ̀nà ṣeé rìn, kí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní irinṣẹ́. Bí wọ́n bá sì gbọ́dọ̀ fún àjèjì ní ìdásílẹ̀ owó orí, kí ó jẹ́ lẹ́yìn tó bá ti gba ènìyàn síṣẹ́, kí àdéhùn náà sì jẹ́ èyí tí gbogbo wa lè kà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi ìwọ̀nyí bo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń bẹ àjèjì pé kó wá ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé.

Bẹ́ǹṣì méjèèjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Mo ti gé ẹsẹ̀ tuntun fún wọn láti ara igi gidi, mo sì ti ya ìwé pélébé yẹn kúrò lábẹ́ wọn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀ mí pé kí n ṣojú àánú nínú owó rẹ̀, nítorí pé àpò ara òun ni yóò ti jáde, ó sì ní méjìdínlógún mìíràn ṣì fẹ̀yìn ti ògiri kíláàsì.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Káfíńtà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín