Lẹ́tà sí Tóyìn Lórí Àdúrà Òwúrọ̀ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba

Ìyàrà Ìjùmú,
Ìpínlẹ̀ Kogí.

Tóyìn ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì fara balẹ̀ kà á. O ní ọ̀gá yín ti fi ìpéjọ òwúrọ̀ sí ìkáwọ́ rẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba gbé ọ lọ ní Yàgbà, pé olùkọ́ àgbà kan ń fẹ́ kí o pàṣẹ fún àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí láti ṣí ìborí wọn kí wọ́n tó tò sórí ìlà, àti pé baba ọmọ kan tí ó jẹ́ oníṣẹ̀ṣe ti wá bá ọ, ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọ òun máa ṣe àmín sí àdúrà tí kì í ṣe ti ilé òun. O wá béèrè ohun tí èmi ì bá ṣe. Ọmọ ìjọ Kírísítẹ́nì tí a ń pè ní ECWA ni mí, o sì mọ̀ pé n kò fi ìgbàgbọ́ mi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ ìjọba ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe, orí ìyẹn ni n óò sì dúró lé láti dá ọ lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o máa yà sọ́tọ̀ kò ju méjì lọ: ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ gbé ti ilé wá, àti ohun tí ìwọ fi àṣẹ olùkọ́ mú un ṣe. Ti ọmọ ni àkọ́kọ́, má ṣe dí i lọ́wọ́ níwọ̀n bí kò bá ti di ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ tàbí kó ìyà jẹ ẹlòmíràn. Ti ìjọba ni ìkejì, ìjọba kò sì gbọdọ̀ ní ẹ̀sìn. Abala 10 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ni ó sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba, pé ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ sọ ẹ̀sìn kan di ẹ̀sìn ìjọba. Nígbà tí o bá dúró níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n tò sórí ìlà, ohùn ìjọba ni ó ń ti ẹnu rẹ jáde, ìbáà jẹ́ pé láti ilé ni o ti kọ́ àdúrà náà.

Ti baba ọmọ yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí mo rí i nínú ìwé rẹ pé o rò pé ojú rere ni ó wá bẹ̀bẹ̀ fún. Kì í ṣe ojú rere. Abala 38 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀sìn tí ó wù ú, láti yí i padà, àti láti fi í hàn, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú àwọn mìíràn, ní kọ̀rọ̀ tàbí ní gbangba. Lẹ́yìn èyí ni òfin náà wá kan ilé-ẹ̀kọ́ ní tààrà: a kò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí kópa nínú ìjọsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí tí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Kíyè sí i pé òfin náà dárúkọ òbí. Ẹ̀tọ́ tí ọwọ́ baba yẹn ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó wá béèrè, bí kò tilẹ̀ ka ìwé òfin rí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yàrá àwọn olùkọ́ yóò sọ fún ọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni ó dá ilé-ìwé yẹn sílẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Okun wa yìí, ta ni kò mọ iṣẹ́ tí àwọn ajíhìnrere ṣe? Ọdún 1908 ni Tommy Titcombe, ajíhìnrere ẹgbẹ́ SIM (Sudan Interior Mission), dé Yàgbà tí ó sì fi Ẹ̀gbẹ̀ ṣe ibùjókòó, orúkọ rẹ̀ ni Titcombe College ń jẹ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni ìjọ Àgùdà ní St. Augustine's ní Kàbà. N kì yóò gbàgbé oore yẹn, ilé-ìwé ìjọ ni èmi náà ti mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ó sì ń sanwó oṣù àwọn olùkọ́ wọn láti inú àpò gbogbo ìlú. Òfin gba ìjọ láàyè láti kọ́ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé ìjọ yẹn nìkan ni ó ń gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Èyí tí owó ìjọba ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ kò sí lára irú ìyẹn, orúkọ yòówù tí wọn ì báà kọ sí ẹnu géètì.

O kò ní láti lọ jìnnà kí o tó rí ibi tí irú àríyànjiyàn yìí máa ń já sí. Kwara ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń jẹ́ kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjọba Kwara ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa ní Ìlọrin nítorí ọ̀rọ̀ ìborí, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ tí ìjọba sì ń sanwó fún. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2016, lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ gíga ní Ọ̀ṣun ti ní kí àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí máa lo ìborí, àwọn ọmọ Kírísítẹ́nì kan wọ aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wá sí kíláàsì ní Ìwó láti fi tako ìdájọ́ náà. Àwọn àgbàlagbà ni ó ń jà, wọ́n kàn gbé ìjà náà wọ ọmọ lọ́rùn ni.

Ní ti ìborí, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti parí ọ̀rọ̀ náà. Ẹjọ́ ìlú Èkó ni. Ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba tí ó fòfin de ìborí lẹ́yìn ní ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i padà ní ọdún 2016, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje sọ pé àwọn ọmọbìnrin náà ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Nítorí náà, má ṣe ní kí ọmọ kankan ṣí ìborí. Olùkọ́ àgbà yẹn kò burú, wọ́n kàn fẹ́ kí ìlà dọ́gba lójú ni. Lọ bá wọn ní kọ̀rọ̀, má ṣe já wọn níyàn níwájú àwọn ọmọ, kí ẹ jọ lọ bá ọ̀gá yín kí wọ́n mú àwọ̀ kan tí yóò bá aṣọ ilé-ìwé mu. Gbogbo rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àdúrà òwúrọ̀ gan-an ni ó ṣòro jù, nítorí ó ti mọ́ wa lára. Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ó wà ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé wọ́n ti fi òfin de àdúrà ní ilé-ìwé ìjọba lọ́hùn-ún, mo sì wí fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1962, àdúrà kan tí kò ju ọ̀rọ̀ 22 lọ, tí ìjọba New York kọ fún ilé-ìwé, ni ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ sọ pé kò bófin mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí kò bá fẹ́ lè yẹra. Ìjọba ni wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ àdúrà fún ọmọ, wọn kò ní kí ọmọ má gbàdúrà. Ilé-ẹjọ́ kan náà ni ó dá olùkọ́ni bọ́ọ̀lù kan láre ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ mẹ́wàá péré lẹ́yìn ìdájọ́ ti wa lórí ìborí, pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kúnlẹ̀ gbàdúrà ní àárín pápá lẹ́yìn ìdíje. Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń wá bí olùkọ́ni yóò ṣe fi òun sínú ìdíje tó ń bọ̀ yóò kúnlẹ̀ tì í, ẹnikẹ́ni ì báà má pè é. O jẹ́ olùkọ́, o mọ bí ọmọ ṣe ń wo ojú wa.

Nítorí èyí ni n kò fi fara mọ́ ohun tí o dábàá, pé kí Kírísítẹ́nì gbàdúrà lónìí, kí Mùsùlùmí gbà á lọ́la. Ó dà bí ẹni pé ó tọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù yóò máa ṣe àmín sí ti ẹlòmíràn, àyè ọmọ oníṣẹ̀ṣe kò sì ní kàn láéláé. Ẹ lè lo ẹsẹ kẹta orin orílẹ̀-èdè tí a padà sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, tí ó ń ké pe Ẹlẹ́dàá láìdárúkọ ẹ̀sìn kankan, kí ẹ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kí olúkúlùkù bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tí kò bá fẹ́ kọrin náà, má bi í ní ìdí. FCS, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kírísítẹ́nì, àti MSS, ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ní àyè tiwọn ní àsìkò ìsinmi tàbí lẹ́yìn iléèwé, kí a fún wọn ní yàrá lọ́gbọọgba, kí olùkọ́ kankan má sì kọ orúkọ ẹni tí ó lọ àti ẹni tí kò lọ.

Bí kò bá sí olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù, má ṣe fi àwọn ọmọ Mùsùlùmí sínú kíláàsì ẹ̀kọ́ Bíbélì nítorí pé kò sí ibòmíràn tí wọn yóò jókòó sí. Ìdánwò yín pẹ̀lú, ẹ má fi sí ọ̀sán Jímọ̀, ẹ má sì fi àfikún ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ dandan sí ọjọ́ Àbámẹ́ta láìbi àwọn tí ń pa Sábáàtì mọ́.

Ní ti baba yẹn, má ṣe ránṣẹ́ pè é wá sí ọ́fíìsì. Lọ sílé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí i dáadáa, kí o sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ lè dúró sórí ìlà láìlanu, àti pé ẹni tí ó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ yóò rí ìbínú rẹ. Kí o tó dìde, béèrè ọjọ́ tí ọdún ilé wọn bọ́ sí, kí o lè bá ọmọ náà gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí ọjọ́ náà tó pé.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.