Ẹ Yẹ Orúnkún Ológbò Wò Kẹ́ ẹ Tó Rà Á

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ológbò olówó ńlá yìí ni mo bá wá, irú Devon Rex àti Abyssinian. Irun làwọn èèyàn ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo orúnkún, bẹ́ẹ̀ egungun kékeré tó bo iwájú orúnkún wọn máa ń yẹ̀ kúrò láyè ẹ̀, apá inú ló sì sábà máa ń yẹ̀ sí, torí kòtò tó yẹ kó jókòó sí lè má jìn tó. Àjogúnbá ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ológbò á kàn máa tiro díẹ̀, tàbí kó má fẹ́ fò gun àga mọ́, ẹ̀yin á ní ọ̀lẹ ni (ológbò mọ ìrora pa mọ́ jù). Ìpele 1 dé 4 ni àwọn dókítà ẹranko pín in sí: ti 1, bí wọ́n bá fọwọ́ tì í kúrò láyè ẹ̀, á padà fúnra ẹ̀, ti 4 ò ṣeé fọwọ́ tì padà rárá, iṣẹ́ abẹ ló kù. Àwọn tó ń sìn wọ́n tà gan-an ni mò ń bá wí, èyí tórúnkún ẹ̀ ń yẹ̀, ẹ má fi bímọ mọ́ jàre, kódà kó ti gba ife-ẹ̀yẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà, kó béèrè àyẹ̀wò orúnkún ìyá àti bàbá ẹ̀ kó tó sanwó.

Èmi òǹkàwé yín.