Ẹ bá mi ka orúkọ igi

Lọ́ńdọ̀nù,
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Orúnkún Màámi ńkọ́? Owó oògùn yẹ kó ti dé; bí kò bá tíì dé, ẹ ní kí Ṣẹ́gun pè mí.

Ọ̀rọ̀ igbó ni mo fẹ́ bá yín sọ. Lọ́jọ́bọ̀, iléèwé Délé kó wọn lọ sí igbó Epping létí Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo bá wọn lọ. Mo rò pé wọ́n kàn ń lọ ṣeré ni. Obìnrin tó mú wa kiri yí ìtì igi jíjẹrà kan padà, ó ní kí àwọn ọmọ lóṣòó wò ó. Ìdin funfun kan ká jọ síbẹ̀, ó sanra tó àtàǹpàkò mi. Bàbá, ìtun ni mo pè é! Díẹ̀ ló kù kí n béèrè bóyá wọ́n ń dín in. Ó ní ó máa ń lo ọdún 3 sí 7 nínú òkú igi kó tó di kòkòrò dúdú tí ẹnu rẹ̀ rí bí ìwo àgbọ̀nrín. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ kí èèyàn ṣa igi níbẹ̀. Èyí tí Délé ti fi ṣe ọ̀pá, wọ́n ní kó lọ dá a padà.

Igi ìdáná yìí náà ló dá ìjà sílẹ̀ láyé àtijọ́. Ará Loughton lẹ́tọ̀ọ́ láti gé ẹ̀ka níbẹ̀ nígbà òtútù. Nígbà tí onílẹ̀ fẹ́ sọgbà yí i ká, bàbá kan tí ń jẹ́ Thomas Willingale ò gbà. Lọ́dún 1866, àwọn ará ilé rẹ̀ ṣẹ̀wọ̀n nítorí ẹ̀ka igi. Òfin ọdún 1878 ló fòpin sí ọgbà sísọ. Mo rántí ẹ̀yin àti àwọn fọ́rẹ́sítírì pẹ̀lú hámà tí wọ́n fi ń lu àmì sí gẹdú.

Ibi tí ojú ti tì mí nìyí. Obìnrin náà bi Délé pé igi wo ló wà nígbó ìlú bàbá rẹ̀ àgbà. Ọmọ wojú mi. Èmi ọmọ oní-gẹdú, tí agbégilódò bàbá mi ń kó igi wọ Ìjẹ̀bú-Igbó lóròòru, ìrókò àti arère nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi àdá ha èèpo, tí ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, tí ẹ ó pe orúkọ igi nínú òkùnkùn!

Mo wá fi ìbínú sọ fún un pé igbó ọba tiwa tó ń jẹ́ Ọmọ lé ní hẹ́kítà 130,000, tiwọn ò sì ju nǹkan bí 2,400 lọ; pé erin ń bẹ nínú tiwa. Délé ò gbà mí gbọ́. N ò sọ ti igi àgbìn gmelina àti oko kòkó tó ti jẹ wọnú rẹ̀.

Bí a bá délé ní Kérésì, ẹ bá wa wá ọkọ̀ tó le, ká lọ sí J4 nínú igbó Ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn fọ́rẹ́sítírì bóyá a ó gbàwé àṣẹ. Àdá yín yẹn, ẹ fi sílé o, kí wọ́n má baà ní gẹdú lẹ tún wá gé. Délé ti ra ìwé tí yóò máa kọ orúkọ igi sí. Ó ti kọ ìrókò sójú ewé kìíní, kò fàmì sí i.

Ọmọ yín,
Bísí