Lẹ́tà sí Kúnlé: Sowzer kì í ṣe orúkọ Jámánì

Súrùlérè, Èkó.

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìfaradà òtútù Manchester. Gbogbo wa wà dáadáa níbí; iná nìkan ni kò ṣe dáadáa, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn mọ́.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo rẹ́rìn-ín. O ní o rí orúkọ Sowzer nínú ìwé kan tí wọ́n kọ nípa àwọn olórìṣà Bahia ní Bràsíl, o wá ń bi mí pé báwo ni ará Jámánì ṣe di babaláwo. Kúnlé! Kò sí ará Jámánì kankan níbẹ̀. Orúkọ Potogí ni, òǹtẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lù ú, ọwọ́ ọmọ Yorùbá ló sì wà. Èkó yìí nìkan ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti lè jáde.

Souza fúnra rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Odò kan wà ní àríwá Pọ́túgàl tó ń jẹ́ Sousa, inú odò Douro ló ń ṣàn lọ. Láti àgbègbè rẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Tomé de Sousa ló tẹ Salvador, olú ìlú Bahia, dó ní 1549. Ní Bràsíl lónìí, àwọn tó ń jẹ́ Souza kún ìgboro. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà, wọ́n pọ̀, nítorí Francisco Félix de Souza, ọmọ Salvador tó jẹ oyè Chacha ní Ouidah, tó fi òwò ẹrú kó ọrọ̀ jọ, tó sì kú ní 1849, ó bímọ rẹpẹtẹ. De Souza kan tilẹ̀ ṣe olórí ìjọba ní Bẹ̀nẹ̀ láti ìparí 1969 sí 1970. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Souza ló ní ẹ̀jẹ̀ Potogí lára. Bí ẹrú bá gba òmìnira ní Bahia, orúkọ ìdílé ọ̀gá rẹ̀ ló sábà máa ń mú jẹ́. Ó dùn mí láti kọ ọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn.

O mọ̀ pé ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bràsíl padà wá, ni ìyá mi, o ti jẹ frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní Ọjọ́ Ẹtì Rere nílé wa rí. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí dúdú, ní Salvador, ní oṣù kìíní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tó ti gba òmìnira jáde nílùú. Àwọn mìíràn fi ẹsẹ̀ ara wọn kúrò. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ouidah, sí Porto-Novo, sí Èkó. Àwọn tó dé Èkó kó orúkọ Bahia dání: da Silva, Pereira, da Rocha, Cardoso. Nígbà tó di 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ó sì di pé akọ̀wé tí kò gbọ́ Potogí ló ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Gomes di Gomez. Augusto di Agusto, ìyẹn náà ni Lawal Basil Agusto, lọ́yà Mùsùlùmí ayé ọjọ́un, ń jẹ́. Souza náà kò bọ́ nínú àyípadà yìí. Ronú nípa bí a ṣe kọ́ Gẹ̀ẹ́sì: ọ̀rọ̀ tó parí sí e-r, à là ń pe ìparí rẹ̀, a ń pe “teacher” ní tísà, a ń pe “water” ní wọ́tà. Nítorí náà, etí Èkó kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín Souza àti Sowzer. Ìró kò yí padà, ìwé nìkan ló yí padà.

Felisberto Américo ni ọkùnrin tí o kà nípa rẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí, ó sì lọ sí Bahia, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Benzinho. Àwọn tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní òun fúnra rẹ̀ ló sọ Sousa di ti Gẹ̀ẹ́sì. Èmi kò bá a wí o. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ti Èkó dé sí Bahia, ẹni iyì ni. Wo Martiniano Eliseu do Bonfim, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ Ifá: bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó ní 1875, ó kàwé níbí, nígbà tó padà ní 1886 ó ń kọ́ àwọn ènìyàn dúdú tó rí já jẹ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ òkun ń kó obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òkè lọ sọ́hùn-ún, ó ń kó tábà bọ̀. Ọmọ Èkó tó gbọ́ Yorùbá, Potogí àti Gẹ̀ẹ́sì, tó tún mọ Ifá, kí ló dé tí kò ní jẹ́ kó hàn lára orúkọ rẹ̀? Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ará Bahia kì í pe e-r ìparí ní à bí a ṣe ń pè é. Sowzer tó jẹ́ Souza lẹ́nu ará Èkó, ó di ohun mìíràn lẹ́nu ará Bahia. Bó ṣe di orúkọ ilé kan ṣoṣo nìyẹn: ní Bahia, Souza pọ̀ bí erùpẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá gbọ́ Sowzer, ìdílé Benzinho ni ọkàn gbogbo ènìyàn máa ń lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́ gan-an rèé. Ìdílé yẹn ní orúkọ kejì, orúkọ tìrẹ. Julia, ìyá Felisberto, ọmọ Bámgbóṣé ni. Bahia ń kọ ọ́ ní Bamboxê, x wọn ni ṣ wa, bó ṣe wà nínú Xangô. Rodolfo Martins de Andrade ló ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba, Bamboxê Obitikô ló ń jẹ́ láàárín àwọn olórìṣà. Àgbà olóyè Ṣàngó ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàárín Èkó àti Bahia, ó sì wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ ilé òrìṣà Ìyá Nàsó múlẹ̀ ní Salvador, èyí tí wọ́n ń pè ní Casa Branca. Títí di òní, àwọn Sowzer ń fi Bamboxê pe ara wọn. Caetana, ọmọ Felisberto, jẹ́ ìyálórìṣà tí ìlú mọ̀; Air José, ti ìdílé kan náà, ló dá ilé òrìṣà Pilão de Prata sílẹ̀ ní Boca do Rio.

O wá ní o fẹ́ gé Bámgbóṣé kù sí Bambo fún àwọn ọmọ, torí pé àwọn tísà wọn kò lè pe gb. Ará Bahia náà kò lè pe gb, Kúnlé. Wọ́n sọ ọ́ di b, wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ kan oṣé. Oṣé Ṣàngó, àáké olójú méjì rẹ̀, ni gbogbo ẹrù tó wà nínú orúkọ yẹn. Bí o bá gé e kúrò, “bá mi gbé” ló kù. Bá mi gbé kí ni? Bí o bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, tẹ ibi tó bá ń dí wọn lọ́wọ́, kí o fi ìyókù sílẹ̀.

Má sì lọ máa sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé bàbá ńlá rẹ ni Bamboxê o! Bámgbóṣé tó wà nílẹ̀ Yorùbá kò lóǹkà, pásítọ̀ ń jẹ́ ẹ, ààfáà ń jẹ́ ẹ, bóyá torí pé orúkọ Ṣàngó kò hàn nínú rẹ̀ ni wọn kò fi pa á dà. Bàbá yín ló yẹ kí o bi. Pè é lọ́jọ́ Àìkú, bi í pé ilé wo ni oṣé náà ti wá, ta ló gbé e kẹ́yìn, kí o sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Bí o bá wálé ní Oṣù Kejìlá, a ó jọ rìn dé Bamgbose Street ní Popo Àgùdà, kí àwọn ọmọ lè ya fọ́tò lábẹ́ orúkọ wọn. Ìyá mi ń kí ọ, ó ní kí o má gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ tí o ṣèlérí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Táyọ̀