Ẹ bi wọ́n lórúkọ kẹ́ ẹ tó tẹ fọ́tò wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó máa ń pàtẹ sí Mọ́kọ́lá, àmọ́ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí yín rèé, tẹ́ ẹ bá rí i tí ọ̀rọ̀ mi ń gun ara wọn, ẹ fojú fò ó, fọ́tò ni mo mọ̀ ọ́n yà, mi ò mọ̀wé kọ tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló gbé mi dé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, fọ́tò méjì wà lójú ewé kan náà nínú ìwé ìròyìn yín. Nínú ti òkè, àwọn ọ̀gá ìjọba ń ṣí ẹ̀rọ omi, ẹ wá to orúkọ gbogbo wọn, "láti apá òsì", títí kan ọ̀gbẹ́ni kan báyìí tó jẹ́ pé èjìká ẹ̀ nìkan ló yọ. Nínú ti ìsàlẹ̀, obìnrin kan gbé garawa rù, omi ń kán sí i lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Fọ́tò yẹn dáa, ó dáa ju ti òkè lọ fíìfíì, ẹni tó yà á mọṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ wá kọ sábẹ́ ẹ̀ ni "Obìnrin kan ń pọnmi." Mo ní háà. Ẹni tó fi èjìká yọ lórúkọ, ẹni tó fi gbogbo ojú yọ ò lórúkọ.

Ọwọ́ èmi náà ò mọ́ o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí n'Íbàdàn, Bàbá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, àwọn ọmọ tí mo yà níbi ìkómọ ti ń bímọ tiwọn. Ayé kámẹ́rà Yashica ni mo kọ́ṣẹ́, fíìmù 120 tó jẹ́ pé fọ́tò 12 péré ló máa ń jáde nínú ẹ̀, tó o bá fi ẹyọ kan ṣòfò ọ̀gá mi á gbá ẹ létí. Òde la fi ń jẹun, ìkómọ ni o, ìgbéyàwó ni o, òkú àgbà, ilé ṣíṣí. Ẹ mọ bí tiwa ṣe rí, wọn ò pè wá ká tó lọ, bí èèyàn bá ṣe ń wọlé la máa ń yà wọ́n, ọmọ iṣẹ́ á sáré gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kí ìrẹsì tó kárí fọ́tò ti dé, ó kù ká máa wá ojú tó jọ ọ́ kiri abẹ́ kánópì. Ẹlòmíì á rà á, ẹlòmíì á ní "ṣé mo rán ẹ níṣẹ́ ni?" Nígbà tí fóònù fi máa dé tí gbogbo ayé fi di fotógíráfà, fọ́tò tí wọn ò rà tó wà nílé mi ti kún àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ ló lójú, kò sí ìkankan tó lórúkọ.

Òde tí mo wá ń lọ báyìí, òde ara mi ni. Ọjọ́ Túsìdeè kì í sábà sí ìnáwó, nítorí náà mo máa ń gbé kámẹ́rà kékeré kọ́ ọrùn, mo máa bọ́ọ́lẹ̀ nínú takisí Maíkírà ní Bẹẹrẹ, mo máa fẹsẹ̀ rìn lọ s'Ọ́jà'ba, mo máa gun òkè Màpó kí oòrùn tó le. Gbọ̀ngàn Màpó ti wà níbẹ̀ láti 1929, téèyàn bá dúró lẹ́bàá àwọn òpó ẹ̀ tó wo ìsàlẹ̀, páànù ló máa rí lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹni tí orúnkún ẹ̀ bá ṣì gbà á tún lè gun ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936, Láyípo làwa ń pè é torí àtẹ̀gùn inú ẹ̀ ń yí po, àtibẹ̀ gbogbo ìlú á tẹ́ sílẹ̀ níwájú ẹ. Gbogbo àlejò tó bá débẹ̀, páànù tó dípata ni wọ́n ń yà. Èmi náà ti yà á àìmọye ìgbà. Páànù ò kúkú ní jágbe mọ́ ẹ, kò ní bi ẹ́ pé kí lo fẹ́ fi òun ṣe.

Èèyàn ló ń béèrè. Lọ́jà Ọ̀jé, ibi tí wọ́n ti ń ná aṣọ òkè ní ìtàdógún-ìtàdógún, mo débẹ̀ lójọ́ kan nígbà tílẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, àwọn ará Ìsẹ́yìn ti dé, wọ́n ń tú aṣọ, àwọ̀ oríṣiríṣi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ìyá kan jágbe mọ́ mi: "Ẹ má yà mí o! Ṣé ẹ fẹ́ lọ tà mí fún òyìnbó ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo gbé ẹ̀yìn kámẹ́rà fún wọn wò, wọ́n ní kí n pa á rẹ́, mo pa á rẹ́ lójú wọn. Nígbà tọ́jà tún kò, mo tẹ fọ́tò tàwọn tó jókòó tì wọ́n, mo lọ pín in fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá yìí wo ti ẹni àkọ́kọ́, wọ́n wo ti ẹnì kejì, wọ́n bojú wò mí: "Tèmi dà?" Mo ní ma, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa á rẹ́. Wọ́n pòṣé. "Tí wọ́n bá ní kó o pa á rẹ́, bó o ṣe máa pa á rẹ́ pátápátá náà nìyẹn?"

Ọ̀gá kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi, J.D. 'Okhai Ojeikere, ọmọ Ẹdó ni, 1930 ni wọ́n bí wọn, àmọ́ Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní dáàkì rúùmù ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba lọ́dún 1954, kó tó di pé wọ́n bọ́ sídìí iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní 1961. Láti 1968 ni bàbá yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin, lójú títì, ní ọ́fíìsì, níbi ìnáwó, ẹ̀yìn orí ni wọ́n sì máa ń yà jù, wọ́n yà á títí ó fi tó bí ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n wá ń kọ orúkọ irun sílẹ̀, bí onílé gogoro. Ọdún 2014 ni wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ irun yẹn, àwọn ọmọ òde òní ò bá má mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dì í rí tí kì í bá ṣe tiwọn. Ibi tí mo ti ń yìn wọ́n lójọ́ kan bí mo ṣe máa ń ṣe ni ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọdébìnrin ni, ti dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu: "Ọ̀gá, a mọ orúkọ irun, ta ló lorí?"

Mi ò lésì.

Àmọ́ ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni ti ìyá eléèlùbọ́ kan lọ́jà Bódìjà. Á tó ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí mo yà wọ́n. Ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé láti Òkè-Ògùn ni, wọ́n ń bu èlùbọ́ sórí igbá, eruku gba gbogbo ibẹ̀, ó ta sí wọn lápá, ó ta sí wọn lójú, àní irun ìpéǹpéjú wọn funfun, oòrùn wá ń gba ihò páànù wọlé sínú eruku yẹn, wọ́n gbójú sókè wọ́n rí mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èjí wọn yọ. Mo tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń yà fọ́tò á mọ ohun tí mò ń sọ, irú ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan àti àbúrò ẹ̀ obìnrin wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, ìyá wọn ti kú, wọ́n fẹ́ ṣe pósítà. Mo ní kí wọ́n mú fọ́tò wá. Wọ́n tú fóònù, fóònù mẹ́ta, wọn ò rí èyí tó dáa. Ọ̀kan, níbi ìgbéyàwó kan ni, gèlè ẹlòmíì bo ìyá lójú kanlẹ̀ dé imú, èkejì inú káàdì ìdìbò ni, ó dúdú kirikiri. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá yìí bí o, gbogbo wọn ló ní fóònù tó ń yà fọ́tò. Ìgbà tí àbúrò wá ń sunkún pé ìdí èlùbọ́ ni ìyá àwọn ti tọ́ àwọn, ní Bódìjà, pẹ̀lú èjí wọn tó máa ń pe oníbàárà, ara mi bù máṣọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá fọ́tò yẹn nínú kọ̀ǹpútà. Kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ máa wá? "Bódìjà 47" ni mo kọ sí i. Ká ní mo bi ìyá lórúkọ lójọ́ náà ni, kí wọ́n tó jókòó ni ǹ bá ti rí i.

Mo rí i ṣá. Mo fi hàn wọ́n, àbúrò bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n wò ó títí, ó ní "Bàbá Fọ́tò, ẹ ṣé gan-an, àmọ́ ẹ bá wa nu èlùbọ́ yẹn kúrò." Kí n nu èlùbọ́, kí n yọ igbá, kí n wé gèlè fún wọn, kí n wọ léèsì búlúù sí wọn lọ́rùn, káwọn àna má lọ rò pé àwọn fìyà jẹ ìyá àwọn. Mo ṣe é. Owó ni mo ń wá, mi ò ní purọ́ fún yín. Di aago méjì òru ni mo fi ń nu èlùbọ́ kúrò lójú ìyá yẹn, bí mo ṣe ń nù ún bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín yẹn ń tutù lójú wọn, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀, mi ò kúkú fọwọ́ kan ẹnu.

Iṣẹ́ wa ti ń parọ́ tipẹ́ ṣá o. Láyé ọ̀gá mi, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti lọ tí wọn ò sì tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, èyí tó kù ni wọ́n máa yà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀ sójú ìwé kan, ìyá á gbé e kọ́ ara ògiri, ìbejì pé. Irú irọ́ yẹn ò bí mi nínú rí. Tèmi yìí ló ń dùn mí.

Ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́jà wọ ankárá kan náà wá, wọ́n dúró síwájú pósítà, ọ̀kan rọra bi èkejì pé "ta lèyí?" Etí mi ló ṣe. Mo lọ síbi tí mo gbé báàgì sí, torí mo ti tẹ èyí tí mi ò fọwọ́ kàn lọ́tọ̀, mo gbé e fún wọn. Ariwo tó sọ! Èyí ń sunkún, èyí ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe ìyá, orúkọ tí wọ́n sì ń pè, kò sí èyí tó wà lórí pósítà níbẹ̀. Ara òpó ìsọ̀ wọn ní Bódìjà ni fọ́tò yẹn wà títí dòní, èlùbọ́ ti tún ta sí i lára.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní nílẹ̀ wa a kì í pe àgbà lórúkọ. Òótọ́ ni. Ìyá Ìbejì, Ìyá Eléwé, Bàbá Fọ́tò. Ẹlòmíì ti jẹ́ ìyá lágbájá pẹ́ débi pé tó o bá bi í ní orúkọ ẹ̀ gan-an á kọ́kọ́ rónú. Àmọ́ èmi ò ní kẹ́ ẹ pè wọ́n lórúkọ, mo ní kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ó ti tó ọdún kan báyìí tí ìwé kékeré kan ti ń bẹ lápò mi, tí mo bá yà èèyàn tán mo máa bi í pé kí ni kí n kọ sábẹ́ ẹ̀. Ṣọbàtà kan ní Agodi Gate ní kí n kọ "Ọ̀gá Lẹ́dà" kó tán síbẹ̀. Dírẹ́bà Maíkírà kan sọ tiẹ̀, ó sọ ti bàbá ẹ̀, ó tún ní kí n fi nọ́ńbà fóònù òun sí i bóyá ẹni tó ń wá dírẹ́bà á rí i. Àwọn kan ní kí n má kọ nǹkan kan, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé wọn ò fẹ́. (Ti ọmọdé yàtọ̀ o, mi ò kì í kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ mọ bí ayé ṣe rí.) Ìyá kan tó ń ta ewé ní Labíran dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá sọ oríkì wọn fún mi, wọ́n ní láti ọjọ́ tí ìyá àwọn ti kú kò tíì sẹ́ni tó fi pe àwọn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ̀yìn fọ́tò wọn ni mo kọ ọ́ sí, wọn ò mọ̀wé kà, wọ́n ní kí n mú ìka àwọn kí n gbé e lé ibi tó wà.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí àwọn tí ẹ ń rán jáde máa mú bírò dání. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ yọ ojú ewé kékeré kan sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún fọ́tò ọjọ́ lásán, èyí tí kò sí ìnáwó nínú ẹ̀ tí kò sí gómìnà, àwa tá a wà ní Ìbàdàn, Òṣogbo, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ á máa fi ránṣẹ́, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Mo fi mẹ́ta sínú apòòwé yìí, ohun tí kálukú wọn ní kí n kọ wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì mọ̀ pé mo ń fi ránṣẹ́. Èyí tó wà láàárín, èlùbọ́ lòun náà ń tà, ọmọ ẹ̀ ló máa kà á fún un. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ yín pé tẹ́ ẹ bá máa gbé e jáde kẹ́ ẹ gbìyànjú kó bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, torí tó bá ti di Ọjọ́bọ̀, òun á ti lọ kó ọjà ní Ṣakí.

Èmi ni,
Bàbá Fọ́tò (èyí ni mo ní kẹ́ ẹ kọ),
Ìbàdàn.