Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: nọ́ńbà tí a ń kọ sára pákó

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Ìkòròdú, Ìgbógbó, Ìjẹ̀dẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó.

Ọ̀pọ̀ yín ti bi wá léèrè ìdí tí a fi ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára pákó, àti ìdí tí ìrókò tí a kọ 11 sí fi wọ́n ju èyí tí a kọ 17 sí lọ, nígbà tí gígùn àti fífẹ̀ wọn dọ́gba. Omi inú igi ni nọ́ńbà náà ń sọ. Bí ẹ bá rí 17%, bí a bá gbẹ igi náà tán pátápátá tó ku kílò 100, kílò 17 ni omi tó ti jáde lára rẹ̀. Igi tútù láti sọ́ọ̀mílì lè kọjá 100% nígbà mìíràn, torí omi inú rẹ̀ wúwo ju igi fúnra rẹ̀ lọ.

Igi kì í bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì àfi bí omi rẹ̀ bá wálẹ̀ sí nǹkan bí 28 tàbí 30%. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo omi tó bá jáde ló ń gba fífẹ̀ pákó lọ. Pákó arère oníínṣì 12, bí sọ́ọ̀mílì ṣe sábà ń là á, bó bá ti 18% bọ́ sí 10%, á fi díẹ̀ lé ní mílímítà 4 dín. Ẹ to mẹ́rin bẹ́ẹ̀ pọ̀ ṣe ojú tábìlì, ó ti tó mílímítà 17. Bí káfíńtà bá ti fi gúlù àti ìṣó dè é mọ́lẹ̀ yíká, kò rí ibi súnkì sí, ó di dandan kó sán tàbí kó wọ́.

Ọ̀sà wà nítòsí wa, atẹ́gùn ibí kún fún ọ̀rinrin. Pákó tí a tò sábẹ́ ìbòrí níta, bó ti wù kó pẹ́ tó, 15 sí 18% ló ń dúró sí lásìkò òjò; ọyẹ́ nìkan ló ń fà á wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn dára fún òrùlé, fún férémù ilẹ̀kùn ìta. Ṣùgbọ́n yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru á fa igi lọ sí nǹkan bí 9 tàbí 10%. Bẹ́ẹ̀dì àti wọ́dúróòbù tó ń lọ sírú yàrá bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti 17%, sísá lásán kò sì lè gbé pákó dé 10% ní Ìkòròdú. Yàrá gbígbóná tí a fi ń gbẹ igi ló lè ṣe é. Owó iná àti epo ibẹ̀ ni ẹ ń rí lórí pákó tí a kọ 11 sí.

Mítà alábẹ́rẹ́ méjì la fi ń wọ̀n ọ́n. Iná bátìrì á gba abẹ́rẹ́ kan wọnú igi, á gba èkejì jáde. Omi ń ṣí ọ̀nà fún iná, igi gbígbẹ ń dí i. Ìyàtọ̀ náà ga púpọ̀: ní 25%, ìdènà tí iná ń bá pàdé lè máà tó mẹ́gáóòmù kan (òṣùwọ̀n ìdènà iná ni), ní 7%, ó ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́gáóòmù. Ẹ lè gbára lé mítà láàárín 7 sí 25%. Bó bá ti kọjá 30%, ohun tó ń sọ kò ju pé igi ṣì tutù lọ. Ẹ má fi nọ́ńbà yẹn ṣírò ohunkóhun.

Jíjìn tí abẹ́rẹ́ dé ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Iṣu sísun lè jó lẹ́yìn kí inú rẹ̀ máà tíì jinná. Bẹ́ẹ̀ ni pákó. Èyí tó gba oòrùn lè fi 12 hàn lójú kí àárín rẹ̀ jẹ́ 22, èyí tí òjò pa lálẹ́ àná sì lè fi 24 hàn kí inú rẹ̀ gbẹ. Abẹ́rẹ́ kúkúrú kò lè mọ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn tí wọ́n fi ọ̀dà bo ara rẹ̀, tó jẹ́ ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń gba iná, la ń fi òòlù gbá wọlé dé ìdá kan nínú mẹ́rin nínípọn pákó: fún pákó oníínṣì méjì, ìlàjì ínṣì. Ibẹ̀ ló sún mọ́ ìpíndọ́gba gbogbo pákó. A ó tún gbá a dé àárín. Bí nọ́ńbà ti àárín bá fi ju 3 lọ ga ju ti àkọ́kọ́, a ó dá pákó náà padà síbi tó ti ń gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìdí pákó ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ, nítorí náà a kì í wọ̀n ọ́n níbi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìdí, a kì í sì wọ̀n ọ́n lórí kókó tàbí ibi tó ti sán.

Ẹ̀yin tí ẹ ra mítà tiyín, ẹ wo ìwé rẹ̀ dáadáa. Douglas fir, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà fi ń ṣètò nọ́ńbà rẹ̀, ní ìwọ̀n ooru bíi 20°C. Igi tiwa ní ọ̀sán lè wà ní 30°C, ooru yẹn á sì fi bí 1 kún nọ́ńbà. Ẹ yọ ọ́ kúrò bí mítà kò bá ṣe é fúnra rẹ̀. Bí ìrókò, ọ̀gànwó tàbí tíìkì bá wà nínú àtẹ orúkọ igi tó bá mítà náà wá, ẹ yan èyí tó bá a mu. Bátìrì tó ti rẹ̀ máa ń purọ́. Iyọ̀ náà ń ṣini lọ́nà: gẹdú tó pẹ́ nínú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí pákó tí wọ́n fi oògùn kòkòrò kan rì, á fi nọ́ńbà tó ga ju òtítọ́ lọ hàn.

Mítà aláìlábẹ́rẹ́ dára fún iṣẹ́ tó ti parí, kì í dá ihò sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe omi nìkan ló ń wò, ó ń wo bí igi ṣe wúwo tó pẹ̀lú. Bí ẹ bá ṣètò rẹ̀ fún arère, tí ẹ wá gbé e lé igi apá tó wúwo, nọ́ńbà á ga láìnídìí. Bí pákó bá tínrín, ẹ gbé e kúrò lórí irin, kó máà lọ ka irin náà mọ́ ọn.

Níbi tí iyèméjì bá wà, a máa ń gé ègé ínṣì kan láti inú pákó, a ó wọ̀n ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ó fi sínú ààrò 103°C títí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní í yí mọ́, èyí tó sábà ń tó ọjọ́ kan. Bó bá jẹ́ gíráàmù 138 tẹ́lẹ̀, tó di 120, omi jẹ́ 18. Ẹ pín 18 fún 120, ẹ má pín in fún 138: 15% ni, kì í ṣe 13%.

Láti ìsinsìnyí, ìwé kan á máa bá ẹrù yín lọ: irú igi, ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà mẹ́ta láti ibi mẹ́ta, àti jíjìn tí abẹ́rẹ́ dé. Bó bá délé, ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Bí mítà yín bá fi ju 2 yàtọ̀ sí tiwa, ẹ pè wá kí ayùn tó kàn án. A ó gbé tiwa wá, a ó jọ wọ̀n ọ́n. Pákó tí ayùn kò tíì kàn la lè gbà padà.

Àwa oníṣòwò pákó yín, Ìkòròdú.