Àǹtí Mi, Ọmọ Yín Béèrè Ìwé Lọ́wọ́ Mi

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ yín ló jẹ́ kí n gbé bírò. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù lóru: "Ọ́ńkù, ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú wo ni kí n kà? Mi ò fẹ́ ti ẹrú nìkan o. Òun ṣáá ni wọ́n ń fún wa níléèwé." Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú wá ń bí mi. Ṣé èmi ló yẹ kó bi, nígbà tí ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní ìwé kíkà wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹ̀yin lẹ ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí mi létí ní Òkè-Àdó, pẹ̀lú àtùpà. Tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ bí Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, màá ti bo orí. Mo ní kó fi ìyẹn ṣáájú. Tí Yorùbá ọdún 1938 bá ga jù fún un, Ṣóyínká ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láti 1968.

Níbi ohun abàmì náà, mo ní kó wá Kindred, tí Octavia Butler kọ ní 1979. Mo mọ̀, ọ̀rọ̀ ẹrú wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin inú ìwé náà jókòó jẹ́jẹ́ ní California ní 1976 ni, òòyì kọ́ ọ, ó bá ara rẹ̀ ní oko ẹrú, kó lè gba ọmọ òyìnbó kan tó máa di baba ńlá rẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Maryland ni oko náà wà o, ìpínlẹ̀ tí ẹ̀ ń gbé yẹn gan-an.

Tí wọn ò bá sì ní yé fi ẹrú kọ́ ọ, kó ka Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ìyálóde Ìbàdàn, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, òun ló ní ẹrú, òun ló ní ẹrúbìnrin òun kankan ò gbọdọ̀ lóyún. Kó ka bó ṣe ṣe Adétutù, kó wá sọ fún mi bóyá ó rọrùn ju ti òyìnbó lọ. Tó bá fẹ́ ìfẹ́, Ìṣọ̀lá kan náà ló kọ Ó Le Kú ní 1974: Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Mi ò ní sọ ẹni tó ń rán mi létí.

Ti ọ̀daràn ló dùn mọ́ mi jù. Àjà Ló Lẹrù, 1969. Àgbàlagbà Akàn, 1971. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí. Bí mo ṣe kọ orúkọ Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú wọn, ránṣẹ́ sí ọmọ náà ni ọwọ́ mi dúró.

Àǹtí mi, páálí ìwé Bàámi dà? Ẹ dé fún ìsìnkú Màámi, ẹ ò dé fún àìsàn, ẹ gbálẹ̀ yàrá, ẹ ní eku ti jẹ ìwé wọ̀nyẹn. Lọ́sẹ̀ náà mo ra àkàrà ní ẹnu ọ̀nà wa. Mo tú bébà tí wọ́n fi wé e, Lápàdé ni mo rí nínú epo. Bírò pupa Bàámi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ó kọ "Ó parí!" sí i. Bàámi tí kò kọ lẹ́tà sí ẹnì kankan nínú wa rí! Mo gbé e wá bá yín, ẹ ní, "Ìwé àtijọ́ lásán?" Ẹ ní kí n wá bá yín ka àga. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Mọ́níyà tóbi ju èyí lọ, mo sì ti gbàgbé ẹ̀. Ti àkàrà yìí ò lọ.

Mo tún fi Devil in a Blue Dress ti Walter Mosley kún un, 1990. Easy Rawlins, Los Angeles, 1948: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbèsè ilé wà lọ́rùn rẹ̀, ló bá ń bá wọn wá obìnrin kan kiri. Gbèsè ilé yẹn yé mi. Láńlọ́ọ̀dù ti fowó lé owó ìsọ̀ ìwé mi ní Dùgbẹ̀, ìwé ìbéèrè JAMB nìkan ló sì ń tà. The Joys of Motherhood ti Buchi Emecheta wà níwájú ìsọ̀ títí oòrùn fi ṣá a. Obìnrin kan fẹ́ rà á fún ìyàwó tuntun nítorí orúkọ rẹ̀. Mo sọ fún un bí Nnu Ego ṣe bímọ jọ, tó wá dá nìkan kú sẹ́bàá ọ̀nà. Ó dá a padà, ó ra káàdì. Ìyàwó mi ní ẹnu mi ló ń lé oníbàárà. Ojú ọ̀tún mi náà ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni. Mo ti sún un síwájú.

Mo ti di ìwé ọmọ náà. Owó tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín ju owó ìwé lọ, nítorí náà ẹ bá mi wá ẹni tó ń bọ̀ nílé ní Disẹ́ńbà. Kí onítọ̀hún má fi ẹlùbọ́ kún àpótí tán kó tó yà sọ́dọ̀ mi.

Àbúrò yín ni.